Agbéruku Ilé Ọnàyẹmí

Ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí àpótí tó fẹ́ jókòó lé, kó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Eruku tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Èyí tó ti rẹ̀, tó ti balẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń pa ènìyàn ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò mí ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní í fi oyin sí i fún ẹnikẹ́ni.

Ní ayé ìgbà tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ ìlú kan dó sórí òṣùpá. Abẹ́gbá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé abẹ́ igbá ńlá kan tó ń dán yanran ni gbogbo rẹ̀ wà, ilé, ọjà, oko àti ibi ìsìnkú. Ìta igbá náà kò ní afẹ́fẹ́ rárá. Afẹ́fẹ́ tí bàbá bá mí síta láàárọ̀ ni ọmọ aládùúgbò yóò mí sínú lọ́sàn-án, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ṣeré níbẹ̀. Nǹkan mìíràn tún ni pé ohun gbogbo ló fúyẹ́ lórí òṣùpá. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá ráyè bẹ̀rẹ̀ gbà á kó tó kan ilẹ̀. Bí eruku bá sì dìde, kò ní í fẹ́ balẹ̀ mọ́. Yóò máa rìn gbéregbère nínú yàrá bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé.

Ọnàyẹmí ni káfíńtà kan ṣoṣo tó wà ní Abẹ́gbá. Orí àga tí ẹ̀rọ yọ́ jáde ni àwọn ará ìlú ń jókòó, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé ìyàwó, tàbí tí àgbà bá dé sí i, ara rẹ̀ a máa bèèrè igi. Ìdí ọmọ Yorùbá kò tíì gbàgbé àpótí. Inú ilé Ọnàyẹmí náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá kan tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tí ayùn, ìfági àti ẹ̀rọ tí ń fi sáńpépà ra pákó tò sí. Igi tó ń là kò ti ilé ayé wá. Ààtàn ìlú ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ààtàn yẹn ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlú tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀ kì í da nǹkan nù. Èèpo iṣu, ewé gbígbẹ, aṣọ tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí ààtàn ńlá kan ní ìpẹ̀kun ìlú kó lè jẹrà di ilẹ̀. Òkú náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Orí ilẹ̀ dúdú yẹn ni wọ́n gbin igi sí, igi kan tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ dá, tó ń dàgbà kíákíá, tí inú rẹ̀ sì pupa bí osùn. Òun ni Ọnàyẹmí fi ń ṣe àpótí àti ibùsùn.

Ọmọ méjì ni Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ti bí tí wọn kò gbé ọdún. Ààtàn ni àwọn méjèèjì wà. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, tó jẹ́ obìnrin, Ìyá Àgbà tó bí Ọnàyẹmí ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò fi ọlá kún un, kò fi adé kún un. Ó ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, òun sì ti wo ilé yìí dáadáa. Ó pe ọmọ náà ní Ààtànkọ̀yí, èyíinì ni pé ààtàn kọ eléyìí, kò gbà á. Irú orúkọ tí àwọn baba wa ń fún àbíkú ni, kí ikú lè wo ọmọ náà títí kó sì ní kò wu òun. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gé orúkọ náà kúrú sí Ààtàn. Ọnàyẹmí di Bàbá Ààtàn, Ìbídùn di Ìyá Ààtàn, àwọn aládùúgbò a sì máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé káfíńtà nìkan ni ààtàn ti ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀.

Ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó dàgbà kọjá ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò láti orí tábìlì bàbá rẹ̀, tí yóò máa já bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, tí yóò sì máa kọrin kó tó balẹ̀. Ìyá Àgbà a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa wò ó, a ní ọgbọ́n òun jẹ́. Nígbà tí ikọ́ kékeré kan mú ọmọ náà ní ọdún tí ẹ̀rọ sáńpépà dé sínú ilé, jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn.

Ọnàyẹmí sa ipá rẹ̀. Ó fi ìbomú bo imú, ó fi aṣọ tútù ta ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó burú jù, nítorí eruku tó ti fẹ́ sùn ló tún ń jí. Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn dá a dúró ní ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó ní òun ti sin ọmọ méjì pẹ̀lú rẹ̀, òun kò ní í lè sin ẹ̀kẹta pẹ̀lú rẹ̀, kó wá nǹkan ṣe sí eruku náà tàbí kó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọkùnrin náà mọ̀ pé kì í ṣe ìhàlẹ̀.

Bí Ọmọ̀wé Rẹ̀mílẹ́kún ṣe wọ ilé wọn nìyẹn. Ó wà lára àwọn tó ń dá ẹ̀rọ abẹ̀mí ní Abẹ́gbá, obìnrin tó mọ̀wé tó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ gún àgbà lára. Ohun tó gbé wá ni Agbéruku. Kì í ṣe irin pátápátá, kì í ṣe ẹran pátápátá. Ó tóbi tó àgbá omi, ara rẹ̀ tutù bí ikùn àkèré, ó sì ní ẹnu púpọ̀ tó gùn jáde bí okùn. Ó ń sọ Yorùbá. Ó ń kí ènìyàn.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ògiri ilé Abẹ́gbá kì í ṣe bíríkì. Wọ́n ń gbìn ín ni, ó sì ní iṣan nínú tí ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ̀wé lọ́ Agbéruku mọ́ àwọn iṣan yìí, ó ní kó máa ṣàkóso gbogbo èémí ilé náà papọ̀. Ó ṣàlàyé fún Ọnàyẹmí pé èérún igi tó ń kó sí bàtà kò ṣe nǹkan. Lẹ́búlẹ́bú tí sáńpépà ń tú jáde, tí ènìyàn kò rí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, òun ni apani. Ó jẹ́ kí páìpù kúrú, kó sì tọ́, nítorí ó ní páìpù tó bá ń ṣe kọ́nà kọ́nà, ọ̀lẹ ló ń sọ atẹ́gùn dà. Ó fi ẹnu kan sí ìdí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì là, àwọn yòókù á pa dé, kí agbára fífà má bàa pín. Àárín wọn ni ó gbé ìkòkò ìjì sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń yí po tí èérún igi ń já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú nìkan ni yóò kọjá lọ sínú àpò gígùn kan tó so rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí wá gbé e lọ fún igi.

Ó ku kí wọ́n kọ́ Agbéruku ní orúkọ ibi gbogbo nínú ilé. Ọmọ̀wé ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ń dárúkọ. Pálọ̀. Ilé ìdáná. Ìyá Àgbà. Ó dé yàrá ọmọ, ó bi wọ́n pé ti ta ni, wọ́n ní ti Ààtàn ni. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yìí kò ní orúkọ mìíràn?” ló bèèrè. “Ẹ̀rọ yìí kò mọ àwàdà. Ohun tí a bá pe nǹkan ló jẹ́ lójú tirẹ̀.”

“Ikú náà kò mọ àwàdà, ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí. “Orúkọ yẹn ni ìlẹ̀kùn tí mo tì mọ́ ọn lójú. Bí o bá fi orúkọ dáradára pè é nínú ògiri yìí, tí ikú sì ń kọjá lọ, ta ni yóò bá mi tì í padà?”

“Mà, ikú kì í gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Ọmọ̀wé wo Ọnàyẹmí. Ìyá rẹ̀ náà wò ó. Ó ro ti àwọn méjì tó wà ní ààtàn, tí orúkọ wọn dára gan-an, tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yan orúkọ náà. Ó ní kí Ọmọ̀wé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ̀wé tún gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ní, “Ààtàn,” ògiri sì gbà á. Lẹ́yìn náà ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó di àpò tó so rọ̀ níbẹ̀ mú, ó pè é ní Àkìtàn, bí wọ́n ṣe ń pè é ní ilé ìyá tirẹ̀. Ó yíjú sí Ọnàyẹmí pé kó má gbàgbé, Àkìtàn ni. Ọnàyẹmí ní òun ti gbọ́. Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fi ayùn kan pákó lẹ́yìn ìyẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, kò sí nǹkan kan tó ń jó nínú rẹ̀. Pákó pupa ń bó, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ń sá wọ ẹnu Agbéruku kó tó dìde. Agbéruku wá bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, Bàbá Ààtàn, níbo ni kí òun dà á sí.

“Ààtàn ni,” ni Ọnàyẹmí dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Níbo ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀?”

Agbéruku kò tún béèrè mọ́. Iṣẹ́ ń lọ geere. Ọmọ náà sún mọ́ ẹ̀rọ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. A máa fi ẹnu ko ògiri yàrá rẹ̀, a bi í bóyá ó ti jẹun, a ní kó sùn dáadáa, Agbéruku a sì dá a lóhùn láti inú ògiri pé òun ti jẹun, òun dúpẹ́. Ó tó ìgbà díẹ̀, bí Ọnàyẹmí ṣe ń ra ẹsẹ̀ àga kan, Agbéruku ní, “Bàbá Ààtàn, Ààtàn ti ń kún.”

Ọnàyẹmí kò gbójú sókè. Àpò ló wá sí i lọ́kàn, ó ní àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kò ní í pẹ́ dé. Ó sì pa á lówe, torí pé iṣẹ́ dùn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

“Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin,” ló wí. “Máa dà á síbẹ̀.”

Ẹnì kan lè béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí nínú ọ̀rọ̀ náà. N kò rí i. Ohun tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ló sọ.

Ikọ́ kékeré yẹn di ikọ́ ńlá. Dókítà ìlú gbé etí lé àyà ọmọ, ó ní ó ti ń rẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù pátápátá, kó máa wà nínú yàrá tirẹ̀, kí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n ń tì í. Ìbídùn tún ń fi aṣọ dí abẹ́ ìlẹ̀kùn náà.

Lọ́jọ́ kan ni Ìbídùn gbé oúnjẹ wọlé, ó bá ọmọ lórí ibùsùn tó fi ìyẹ̀fun pupa kun ojú, ó sì ti fi kun ojú ọmọlángidi rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní pàùdà ni òun ń fún un. Ìbídùn pe ọkọ rẹ̀. Ọnàyẹmí wò ó, ó mọ̀ pé ara igi òun ni, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé ọmọ náà yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọn kò wo ẹ̀yìn. Ó bi í léèrè. Ọmọ náà ní ògiri ló fún òun.

Ó tún bi í. Ó tún ní ògiri ni. Ọnàyẹmí mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi nà án lọ́wọ́. Kì í ṣe nínà tó le. Ẹ̀rù ló nà án, kì í ṣe ìbínú, ṣùgbọ́n ó nà án. Ọmọ náà kò sunkún púpọ̀, torí pé èémí rẹ̀ kò tó ẹkún. Láti ọjọ́ náà, bí ìyẹ̀fun bá tún bọ́ sórí ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá a kúrò kí wọ́n tó wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọnàyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ibùsùn tuntun fún un. Ó fẹ́ kí orí rẹ̀ ga kó lè máa rí èémí mí, ó gbẹ́ ẹyẹ sí i lórí, ó sì ń ra á títí yóò fi dán bí inú ìkarahun, kí igi má bàa ha ọmọ lára. Gbogbo ìgbà tó bá dé láti ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ, ìdí ibùsùn tuntun yìí ló ń lọ. Kò sí iṣẹ́ tó fi sáńpépà ra tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìyá Àgbà wá bá a níbẹ̀. Ó ní kó yéé la igi yẹn. Ó ní orí ààtàn ni igi náà ti hù, àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí wà nídìí rẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀run ọmọ náà ni wọ́n, wọ́n sì ti rí ọ̀nà wọlé. Ọnàyẹmí nu ọwọ́. Ó ránṣẹ́ pe Ọmọ̀wé Rẹ̀mílẹ́kún.

Ọmọ̀wé gbé awòruku rẹ̀ wá, ohun kékeré kan tí ń tan pupa bí afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí. Ó gbé e yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó gbé e sí ìdí ayùn, ó gbé e sí ìdí sáńpépà. Kò tan rárá. Inú rẹ̀ dùn, ó gbìyànjú láti má ṣe fi hàn.

“Bí ibí bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí, “kí ló dé tí ọmọ mi fi ń tu ẹ̀jẹ̀?”

Ọmọ̀wé ní àìsàn lè ti wà níbẹ̀ kí Agbéruku tó dé. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun sọ fún Agbéruku kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí yàrá ọmọ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó sì sọ ọ́. Ìyá Àgbà di aṣọ rẹ̀ mú nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé nǹkan ọwọ́ rẹ̀ yẹn wọ yàrá ọmọ wò.

“Mà, kò sí ayùn níbẹ̀,” ni Ọmọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Kí ni eruku fẹ́ lọ ṣe níbi tí kò sí ayùn? Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ó lọ. Atẹ́gùn púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ yàrá Ààtàn.

Ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò ló ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ pé òun ṣí nǹkan kan. Ó bá Ìbídùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí ló dé tí ọkọ rẹ̀ ń háwọ́ bẹ́ẹ̀, igi ìlú ń wá lẹ́búlẹ́bú jẹ, káfíńtà sì ń fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti so àpò ẹ̀yìnkùlé yẹn rọ̀, òun kò tíì bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìbídùn wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọnàyẹmí ń ra ẹyẹ tó wà lórí ibùsùn lọ́wọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó jáde.

Àpò náà so rọ̀ pẹlẹbẹ. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó yọ ọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ó padà wọlé, ó dúró níwájú Agbéruku, Ìbídùn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Níbo lo ti ń da eruku sí láti ọjọ́ yìí?”

“Ààtàn ni, Bàbá Ààtàn,” ni Agbéruku dáhùn. “Bí ẹ ṣe wí.”

“Ààtàn wo?”

“Ààtàn kan ni mo mọ̀. Mo sọ fún yín pé ó ti ń kún. Ẹ ní kì í kọ ẹ̀gbin.”

Ìbídùn ló kọ́kọ́ sáré. Nígbà tí Ọnàyẹmí dé yàrá náà pẹ̀lú òòlù, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ mọ́ àyà. Ọnàyẹmí lu ògiri tó wà lókè ibùsùn, ògiri náà sì là. Eruku pupa tú jáde láti inú iṣan. Kò ya wálẹ̀ bí ì bá ti ya lulẹ̀ ní ilé ayé. Ó ń rọra jáde, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀, ó bo ìrọ̀rí, ó bo ọmọlángidi, ó ṣì ń bọ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i ju kí wọ́n máa wò ó lọ. Gbogbo àpótí tó ti ṣe láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọlé ló wà níbẹ̀. Ibùsùn olórí ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi ti há sínú ògiri, èyí tó kéré tí ojú kò rí ló ti ń bá atẹ́gùn jáde sí ọmọ lára láti ọjọ́ yìí.

Ọmọ náà gbé ojú sókè láti èjìká ìyá rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo bàbá rẹ̀.

“Mo sọ fún yín pé ògiri ni,” ló wí.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Dókítà wá, ó ṣe èyí tó lè ṣe, ó sì sọ òótọ́ fún wọn pé ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ yẹn kì í jáde mọ́. Ọnàyẹmí jókòó tì í, ó di ọwọ́ tó nà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ní kò dùn òun mọ́. Ó béèrè bóyá Agbéruku ti jẹun. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ti ilé ìwé bọ̀, ó mí, wọ́n sì dúró kó tún mí, kò mí mọ́.

Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló wá gbé e, wọ́n sì gbé e lọ sí ààtàn. Ààtàn kò kọ̀ ọ́.

Ọmọ̀wé Rẹ̀mílẹ́kún wá kí wọn. Ó kọ àga, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti wú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Mo ní kí ẹ pè é ní Àkìtàn.”

“Òótọ́ ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀,” ni Ọnàyẹmí dáhùn.

“Ǹ bá ti gbé awòruku wọ yàrá rẹ̀. Ìyá bẹ̀ mí.” Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. “Mà, ẹ bẹ̀ mí.”

Ó ń retí kí àgbà náà bú òun. Ì bá tù ú lára. Ìyá Àgbà kò bú u.

“Àkìtàn, ààtàn,” ló wí. “Ohun kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Èmi ni mo fi orúkọ bo ọmọ lójú kí ikú má bàa dá a mọ̀. Orúkọ yẹn náà ni ikú bi wọ́n léèrè ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì júwe yàrá fún un.”

Ọmọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun kò lè hú Agbéruku kúrò mọ́, ó ti bá iṣan ilé lọ́ mọ́ra, bí wọ́n bá fà á tu, ilé náà kò ní í rí èémí mí. Ṣùgbọ́n òun lè pa orúkọ yàrá náà rẹ́ nínú rẹ̀, kò sì ní í mẹ́nu kàn án mọ́ láéláé. Ọnàyẹmí ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ̀wé rò pé kò gbọ́ òun yé, ó tún un sọ. Ọnàyẹmí ní òun gbọ́, kó fi sílẹ̀.

Ìbídùn kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà, kò sì sọ pé òun yóò padà. Ó ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná. Àwọn aládùúgbò dẹ́kun ẹ̀fẹ̀. Wọn kò pe ọkùnrin náà ní Bàbá Ààtàn mọ́, bí wọ́n bá rí i lọ́nà, wọn a ní Káfíńtà, ẹ kú ìrìn, wọn a sì yára kọjá. Ìyá Àgbà kò dárúkọ ọmọ náà mọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá kú, wọn kì í pè é mọ́, àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tó wá tún ògiri ṣe gbọn iṣan rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n kó eruku ibẹ̀ lọ fún igi. Yàrá náà wà bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kò sí ohun tí wọ́n tún ń tì í fún.

Ó pẹ́ kí Ọnàyẹmí tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó wọ ibẹ̀, ibùsùn olórí ẹyẹ wà níbi tó fi í sí, apá kan dán, apá kan kò tíì dán. Ó rò pé òun yóò là á wẹ́wẹ́. Ó mú ayùn, ó gbé e lé e lórí. Ẹnu Agbéruku tó wà nídìí ayùn là, àwọn yòókù pa dé, bí Ọmọ̀wé ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ààtàn,” ni ó wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Ààtàn ti ṣófo. Ṣé kí n tún máa dà á síbẹ̀?”

Ọwọ́ Ọnàyẹmí dúró lórí ayùn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí, ó ń gbọ́ èémí ilé náà tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ògiri. Lẹ́yìn náà ó gbé ayùn kalẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí kò parí náà, ó sì gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ògiri.

“Tún orúkọ náà pè,” ló wí.

Agbéruku sì tún un pè.